Mo Ń Ṣáájì Ara Mi, Ẹ Má Kí Mi

Kí fọganáísà òdìkejì ọ̀nà yẹn lọ fi ẹnu ẹ̀ fẹ́ táyà jàre, èmi kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ta ló ní ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo àdúgbò ti ń ṣáájì fóònù? Èmi ni. Ta ló lè tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀, kó tò ó padà, kí nǹkan mélòó kan ṣẹ́kù nílẹ̀, kó sì ṣì máa ṣiṣẹ́? Èmi náà ni. Ta ló bí nọ́ọ̀sì? Èmi, ọkùnrin tí ò tíì hu ewú kan ṣoṣo. Òun ńkọ́, kí ló bí? Ariwo.

Nọ́ọ̀sì mi, ìyá mi kékeré, mo kí ẹ o. Ṣé dáadáa lo wà ní ìlú ńlá yẹn? Ṣé òrùlé yàrá ẹ ò jò mọ́? Abẹ́rẹ́ tí o ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún ò ní ṣẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, aláìsàn tí o bá gún ò ní fẹsẹ̀ ta ẹ́. Ṣe àmín. Ara mi le, ṣọ́ọ̀bù wà níbi tó wà, ewúrẹ́ káfíńtà tún ti jẹ wáyà mi kan.

O ṣáà mọ̀ pé ìyá ẹ ti kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ télọ̀. Ó ní òun ò lè máa bá ọkùnrin tó ń tẹ fóònù mọ́jú gbé, tó bá di àárọ̀ á wá máa jágbe mọ́ èèyàn bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Kò parọ́. Èmi náà máa ń gbọ́ ohùn ara mi, ó máa ń bà mí lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí o fi fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, pé nǹkan kan wà nínú ara gbogbo èèyàn tó jọ èyí tó wà nínú igbó táwọn kan ń fà, ṣùgbọ́n ara fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é, òun ló ń bá wa fọkàn balẹ̀, tó ń jẹ́ ká rí oorun sùn, tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu. O ní kí n máa jẹ ẹja ọlọ́ràá, ẹ̀pà àti ewébẹ̀, kí n dín ṣúgà kù, kí n máa rìn, kí n máa sùn lásìkò. Ohùn ẹ ò tíì parí tí mo fi pa á, torí ó ti yé mi. Nǹkan máa ń tètè yé mi.

Bátìrì ni, mo ní, kí ló tún kù? Tèmi ló ti lọ sílẹ̀. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájì. Mo jẹ sàdíìnì, mo mu òróró inú agolo ẹ̀, mo tún ṣí òmíràn, mo ní kó yáa tètè kún. Ọmọ mi, inú ilé ìgbẹ́ ni mo ti ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Èmi tí mo máa ń kìlọ̀ pé fóònù tí wọ́n bá ṣáájì jù á wú, èmi gan-an ni mo wú.

Ẹ̀rù tún bà mí pé tọ́lọ́pàá bá gbọ́ pé igbó wà nínú mi ńkọ́? Mo lọ bá èyí tó máa ń dúró ní oríta, mo ní kó yáa mọ̀ pé mi ò gbìn ín, mi ò rà á, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, tiẹ̀ náà sì wà nínú ẹ̀. Ó ní kí n ya ẹnu. Òórùn sàdíìnì gbá a, ó fi fìlà bo imú, ó ní kí n lọ fọ ẹnu. Fọganáísà ń tú táyà ọkọ̀ kan nítòsí, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kí n tó délé, ó ti ránṣẹ́ sí ìyá ẹ pé ọkọ ẹ̀ ti ń fa igbó, ẹnu ara ẹ̀ ló fi jẹ́wọ́.

Èmi ò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wọ sálúbàtà, mo forí lé ilé télọ̀ láti lọ bẹ ìyá ẹ kó padà wálé. Ṣùgbọ́n o mọ òfin tí mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, pé kí ẹnikẹ́ni má fi fóònù tó wà lórí iná pè. Ìrìn tí o ní kí n máa rìn ni mò ń rìn yẹn, orí iná ni mo wà. Mo bá panu mọ́. Wọ́n ń kí mi, mò ń wò wọ́n. Káfíńtà bi mí pé ṣé kò sí o, mo kọjá lára ẹ̀ bí afẹ́fẹ́.

Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá ẹ ń já òwú lára aṣọ. Mo dúró níwájú ẹ̀, òógùn bò mí. Ó ní kí ni mo wá ṣe. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé òótọ́ lohun tí òun gbọ́. Mo nawọ́ sókè pé kó ṣe sùúrù, kò tíì kún. Ló bá figbe ta pé kí ẹ̀gbọ́n òun gba òun, igbó ti da orí ọkọ òun rú. Télọ̀ fa igi tó fi ń wọn aṣọ yọ, ó fi gbá mi lórúnkún, mo jókòó láìròtẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe jókòó ni ìrìn parí, mo bá lanu.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ìyá ẹ ń sunkún. Ó ní òun rò pé fífi tí òun fi mí sílẹ̀ ló bà mí jẹ́. Ẹnu mi yìí tó ń pariwo lójoojúmọ́, ọjọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ló dákẹ́.

Mo tẹ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù kí wọ́n gbọ́ pé mi ò fa nǹkan kan. Ó lọ títí, ó kọjá ibi tí mo pa á sí, àṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù. O ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kọ́ ló ń mú ara yá, kí n má dá nìkan wà, kí n máa bá èèyàn rìn, kí n máa bá wọn rẹ́rìn-ín, kí n pa fóònù tílẹ̀ bá ti ṣú. Télọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ já bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ìyá ẹ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó máa fi sílẹ̀. Ó ní òun á bá mi délé wò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun bá tún rí iná fóònù nínú yàrá lálẹ́, òun ti lọ nìyẹn.

A jọ rìn wálé. Ó bú mi láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ara mi sì ń yá sí i. Nígbà tí fọganáísà rí wa, afẹ́fẹ́ táyà ọwọ́ ẹ̀ tán pátápátá. Mo kí i. Mo ní kóun náà máa jẹ ẹja.

Ìyá mi kékeré, ìdí sálúbàtà mi ti lu, òkúta ń kí mi látẹ́sẹ̀. Bá mi fi owó sálúbàtà rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, kó jẹ́ méjì, torí ìyá ẹ náà ti ń rìn. Ọwọ́ ẹ á tu aláìsàn lára, ilé tìrẹ náà ò ní dá páropáro. Má pè mí lálẹ́ mọ́ o. Ìyá ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ó káwọ́ gbera, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo ti pa fóònù.