Fíláàṣì Tó Wà Nínú Aṣọ Ìsìnkú Mi

Ilé wa, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Hafeezah ọmọ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń sùn, ṣé omi ń yọ nínú ilé tí o wọ̀ sí? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ibi, kò sì ní jẹ́ kí o ṣi ẹsẹ̀ gbé. Èmi wà. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ń wò ó níran. Ewúrẹ́ tí o mọ̀ yẹn bí méjì, ó tẹ ọ̀kan pa. Bàbá Kàmọ́rù ẹ̀yìnkùlé wa ti pààrọ̀ páànù orí ilé rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti jẹ́ kí etí wa sinmi. Tíṣà Adébùsọ́lá ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò tíì jáwọ́ nínú àtúnṣe ọ̀rọ̀ ẹni, torí náà bí o bá rí ọ̀rọ̀ dídùn kan níbí, òun ló fi sí i.

Ìyá rẹ ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ sórí fóònù fún mi. O ní o fẹ́ fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ò ń kọ́ sílẹ̀. O ní ọ̀gá rẹ ní kí o pa ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà oníbàárà kan rẹ́, kí o fi tuntun sí i, o sì ṣe é, ṣùgbọ́n o kò kọ́kọ́ kó ẹrù ọkùnrin náà pamọ́, gbogbo àwòrán ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ. Ọ̀gá bá ọ wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, o wá pinnu pé orí rẹ kò gba iṣẹ́ náà, o sì ń bọ̀ nílé ní Sátidé. Gbọ́ tèmi kó o tó di ẹrù.

Ọ̀gá rẹ jàre. Mo fi ìyẹn ṣáájú kó o má baà rò pé ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Nígbà tí o wálé níjọ́ Iléyá, o ṣàlàyé fún mi pé ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń pín iṣẹ́ fún gbogbo yòókù, bí òun kò bá sì jí, kò sí ẹni tó lè ṣe nǹkan kan. Mo ní ìyáálé nìyẹn. O rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ṣàwàdà. Ẹni tó bá fẹ́ lé ìyáálé jáde, kó mú tuntun wọlé, ṣé kò ní kọ́kọ́ kó ẹrù àwọn ọmọ síbi tó dára ni? Tuntun máa gbálẹ̀ bó ṣe wù ú. O mọ èyí. Ìkánjú ló ṣe ọ́, kì í ṣe àìmọ̀, mo sì ní ẹ̀rí.

Kọ̀ǹpútà àlòkù tí o gbé wá fún ẹgbẹ́ onígàrí wa níjọ́ náà, inú rẹ̀ la ń kọ orúkọ obìnrin mẹ́rìndínláàádọ́ta sí, ọjọ́ tí kálukú lọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ọjọ́ tí àpò rẹ̀ bọ́ sábẹ́ òkúta, àti ọjọ́ tó yẹ kó dín in. O mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú kò gba wàǹwárà, bí kò bá tíì kan, oúnjẹ adìyẹ ni. Àpò gbogbo wa sì jọra. Raheemah akọ̀wé wa ló ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ̀rọ náà máa ń béèrè kó tó ṣí, tí o ní kí n tọ́jú, mo tọ́jú rẹ̀. Mo pè é sétí gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́yìn àsàlátù, mo ní kí wọ́n tún un pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí obìnrin mẹ́rìndínláàádọ́ta bá dì mú kò lè sọnù.

Fíláàṣì kékeré tí o fún mi ńkọ́? O ní kí Raheemah máa da orúkọ wa kọ sínú rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kí n sì fi pamọ́ síbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò ní tó. Mo ronú títí. Aṣọ funfun tí wọ́n máa fi sin mí wà nínú àpótí. Kò sí olè tó máa tú aṣọ òkú, kò sí ọmọdé tó máa fọwọ́ kàn án. Àárín rẹ̀ ni mo fi sí. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, mo gbé e wò kí Raheemah tó kọ nǹkan sí i, mo tún gbé e wò lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán, kò wúwo sí i rárá. Mo pe Raheemah ní òpùrọ́. Orúkọ gbogbo wa, tí ti Tàíbátù wà níbẹ̀, obìnrin tí ọlọ́kadà ń sá fún, kó má mú nǹkan wúwo! Raheemah sunkún díẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kọ̀ǹpútà kọ̀, kò jí. Á tàn, á kọ nǹkan kan, á kú, á tún tàn. A fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Bàbá Kàmọ́rù ní ká sá a sóòrùn. Èmi ní ká gbé òkúta kékeré lé e, bóyá omi ló wà níkùn rẹ̀, ni Raheemah bá dojú bò ó, ó ní àfi kí n kọ́kọ́ gbé òkúta lé òun. Kó tó di ọ̀sán, ìjà ti dé. Ọjọ́ àpò àwọn kan ti pé, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Tàíbátù àti Fatihah di àpò kan náà mú. Fatihah ní òun ń gbọ́ òórùn ẹ̀gẹ́ oko òun níbẹ̀, Tàíbátù ní kó lọ fọ imú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì dín èyí tí kò tíì kan, orúkọ ẹgbẹ́ wa bàjẹ́ nìyẹn lọ́dọ̀ gbogbo oníbàárà.

A ránṣẹ́ pe Zakariyah tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ pè é lóhùn kan, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà sì ṣe àmín. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ètò tó ń darí rẹ̀ ti bàjẹ́, àfi kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí òun fi tuntun sí i. Mo ní ìyáálé ti kú nìyẹn. Ó wò mí. Ó wá béèrè pé, “Ṣé ẹ ní ẹ̀dà àwọn orúkọ yìí níbòmíràn?”

Mo wọ́ orúnkún mi délé, mo ṣí àpótí. Ojú mi kò rí fíláàṣì náà dáadáa, mo bá gbé aṣọ náà lódindi. Nígbà tí wọ́n rí mi tí mò ń bọ̀ tèmi ti aṣọ òkú lápá, Fatihah fi àpò sílẹ̀, ó bú sẹ́kún pé ìjà ẹ̀gẹ́ yìí ti fẹ́ pa Ìyá. Zakariyah dìde kúrò lórí àga. Mo tú aṣọ náà níwájú wọn, mo mú un jáde, mo ní òun nìyí.

Ó fi tuntun sí i, ó ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo orúkọ wa sì jáde, kò dín kan. Fatihah ló ni àpò náà. Ti Tàíbátù ku ọjọ́ kan gbáko. Tàíbátù ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Zakariyah béèrè ẹni tó kọ́ wa. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, “Ìyá, ọmọ yẹn mọ iṣẹ́. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù pàápàá kì í rántí ṣe bẹ́ẹ̀.” Mo ní kí Tíṣà kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, Hafeezah. O mọ̀ pé n kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé, torí náà tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń dúpẹ́, àfi Tàíbátù tó ní ó di ọjọ́ tí òun bá dín tòun tán. Ohun tí o ṣe fún wa lo gbàgbé láti ṣe fún ọkùnrin yẹn. Lọ bẹ̀ ẹ́. Bẹ ọ̀gá rẹ náà. Má sunkún níbẹ̀, ẹkún kì í dá àwòrán padà. Kó o sì jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ. Bí o bá wálé ní Sátidé, ẹ̀gẹ́ bíbó ló ń dúró dè ọ́, ọ̀bẹ rẹ sì ti kú.

Tíṣà ní ibí yìí ló yẹ kí n ti béèrè owó. Owó gàrí ń tó mi. Fíláàṣì kejì ni mo fẹ́, kó o fi ránṣẹ́ kíákíá, èyí tó máa wà lọ́wọ́ Raheemah. Ìsìnkú wa kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí Ọlọ́run bá pè mí lójijì, wọ́n á kàn fa aṣọ yẹn yọ, wọ́n á fi wé mi, wọ́n á sì sin orúkọ gbogbo wọn mọ́ mi. Láti ọjọ́ tí Tàíbátù ti ronú kan èyí ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n yọ orúkọ tòun kúrò.

Ohun tí o bá tún ṣe kò ní bàjẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi sí ọ lọ́wọ́ kò ní sọnù mọ́. Èmi ni n ó ṣáájú rẹ, Ọlọ́run kò ní yí i padà. Lọ́jọ́ náà, kó o tó sunkún, kọ́kọ́ yọ fíláàṣì.

Èmi ìyá rẹ àgbà,
Ràmọ́tà, tó tẹ ìka síbí.