Kíìpù Tí Mo Kọ́ Lọ́dọ̀ Àǹtí

Màámi àtàtà,

Ẹ kú àárò mi. Ẹ má mikàn, mò ń jẹun, mo sì ń gbọ́ èdè òyìnbó díẹ̀díẹ̀. "Kíìpù" ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Tí Àǹtí, àbúrò yín, bá ní kí n kíìpù ọmọ, kí n tọ́jú rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ọbẹ̀, ó di inú fìríìjì. Tí àlejò bá bi mí nípa iléèwé, "kíìpù kúáyẹ̀tì" ni, kí n panu mọ́.

Ọjọ́ tí mo dé, Àǹtí ní àwọn á bá mi kíìpù pásípọ́ọ̀tù mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún wọn. Lánàá mo bèèrè rẹ̀, kí n lè forúkọ sílẹ̀ níléèwé ìránṣọ tí ẹ ṣèlérí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Iléèwé wo? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo ní kí wọ́n wá fún mi. Ìyá ẹ mọ̀."

Mo ní irọ́ ni. Ìgbà náà ni mo rántí pé ẹ ò lè wojú mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ kí àbúrò mi obìnrin. Àǹtí ti ń bèèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíìpù òun sọ́dọ̀ yín.

Èmi ni, ọmọ yín.