Òrìṣà Tí Kì í Jẹ Àgbò

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Fóònù yìí, bá mi gba ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, torí mi ò mọ̀ ọ́n kọ.

Látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Fọlákẹ́ ọmọ ọmọ mi ní Àkúrẹ́, tó padà wá bá mi ní Oǹdó, yàrá ló ń gbé oúnjẹ ẹ̀ lọ. Tó bá máa gbé abọ́ jáde, ìdajì ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ náà ń rù lójú mi.

Lónìí a jọ ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní òun ń kọ ìtàn ìlú kan tí ò sí láyé, òun fẹ́ dá òrìṣà sílẹ̀ fún wọn, ó ti sú òun. Ó ti fún òrìṣà náà ní ìyẹ́ àti idà iná.

Mo ní, "Kí ló ń jẹ?"

"Àgbò ni, Màmá."

"Àgbò kẹ̀! Nínú ọ̀wọ́n yìí? Wọ́n á pa òrìṣà yẹn tì kílẹ̀ tó mọ́!"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Háà, ẹ̀rín ọmọ yìí! Ó ti pẹ́.

A wá jọ dá tiwa. Ohun tó bá kù nídìí ìkòkò ló ń jẹ. Ó ní, "Èèwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá jẹun nílé ẹ̀. Olúwa ò ní bínú, eré la ṣe.

Nígbà tí mo bu ẹ̀bà, ó gbé tiẹ̀, ó kọrí sí yàrá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó padà, ó jókòó tì mí.

"Màmá, òrìṣà wa ò ní gbà."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún kiwọ́ bọ abọ́ tèmi. Olúwa, o ṣé o.