Ẹja Inú Àpótí Kẹrin

Yàrá Kẹtàdínlógún,
Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo ní ìrètí pé orúnkún yín ti fara balẹ̀, àti pé bàbá mi ṣì ń bá rédíò jiyàn. Ara tèmi le kókó. Inú mi dùn débi pé bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ni mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ti bi mí léèmejì bóyá orí mi pé.

Mo sọ fún yín nígbà kan pé ẹja nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀ níbí. N kò ṣàwàdà. Àpótí gíláàsì mẹ́fà ni ọ̀gá wa ní yàrá ìwádìí fi ń wo ohun tí ike ń ṣe fún ẹja. Nínú mẹ́ta, a ń po lẹ́búlẹ́bú ike funfun mọ́ oúnjẹ ẹja. Mẹ́ta yòókù kò gbọ́dọ̀ rí ike rárá. Àpótí kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ́, ni wọ́n ní kí n máa tọ́jú.

Ìyá mi, ike kò dára. Àwọn ẹja tó ń jẹ ẹ́ ń jẹun dáadáa, síbẹ̀ wọn ò dàgbà. Ọ̀rá bo ẹ̀dọ̀ wọn. Bí lẹbẹ wọn bá họ díẹ̀, egbò náà kì í jinná, nítorí ara wọn kò lágbára láti bá àrùn jà mọ́.

Ní oṣù kejì ìwádìí náà, ẹja tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá figbe ta: "Ta ló fi ike sómi tó mọ́?" Gbogbo ojú yí sí Bàbá Páìpù, àgbàlagbà tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Òun nìkan ló máa ń kí mi láràárọ̀: "Ọmọ mi, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ onílẹbẹ jí ire?" Wọ́n ní tí kò bá rí àlàyé ṣe títí di ọjọ́ Ẹtì, kó máa lọ sílé.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí a bá la ẹja, ká wo inú rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́bọ̀, mo la ọ̀kan tó kú, mo sì fi ìfun rẹ̀ sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Èérún búlúù ni mo rí. Bẹ́ẹ̀ funfun ni lẹ́búlẹ́bú tiwa! Ni mo bá rántí búrọ́ọ̀ṣì ike búlúù tí ẹ dì sínú ẹrù mi. Aṣọ òwú ni àwọn yòókù fi ń nu àpótí tiwọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èmi tí n kò rẹ́ni bá tàkúrọ̀sọ, àràárọ̀ ni mò ń ha tèmi, kó lè dán bí ìkòkò yín. Irun búrọ́ọ̀ṣì náà ti jẹ dé ìdí.

Ẹ mọ ọmọ yín: ojú a máa tì mí láti béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n mo dìde láàárín ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sókè: "Ẹ má fi kan Bàbá o. Èmi ni." Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ń ha àpótí náà, àfi bí ọ̀gá ṣe bú sẹ́rìn-ín: "Ìmọ́tótó ló wá ń dá àìsàn sílẹ̀! Mi ò rírú ẹ̀ rí." Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Páìpù lójú gbogbo wa. Ó wá ní kí n pààrọ̀ omi, kí n máa lo aṣọ, ká wò ó bóyá ara wọn á padà bọ̀ sípò.

Òní ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A kò tíì mọ bí ẹ̀dọ̀ wọn ṣe rí, ṣùgbọ́n egbò ti jinná, wọ́n sì ń du oúnjẹ bí ọmọ ilé ìwé! Lọ́sàn-án, bí mo ṣe fẹ́ gbé abọ́ mi lọ sí kọ̀rọ̀ tí mo ti máa ń dá jẹun, Bàbá Páìpù fa àga kan síbi tábìlì tí gbogbo àwọn yòókù ti ń jẹun. "Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì, níbo lò ń lọ? Jókòó jàre." Mo jókòó. A sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ mi fi tutù.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọwọ́ yín kò ní ṣá, ẹ ó sì fojú rí èrè iṣẹ́ mi.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín, tí kì í bá ẹja nìkan sọ̀rọ̀ mọ́.

Àfikún: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ búrọ́ọ̀ṣì ìkòkò yín wò. Bí irun rẹ̀ bá ti dín kù, ẹ bi bàbá mi, tó ń jẹ ọbẹ̀ inú ìkòkò náà, bóyá ó mọ ibi tó gbà lọ.