Nítorí Òdo Tí Nọ́ọ̀sì Fún Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orí fífọ́ yẹn ti lọ? Tèmi dúpẹ́, ara mi le, àfi ẹsẹ̀ mi tó wú nítorí àga ilé ìwòsàn tí mo ń jókòó sí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o mọ irú àga bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ ṣì wà ní yàrá àwọn tí àìsàn wọn le. Ẹ̀dọ̀fóró wọn kò tíì gbà kí wọ́n mí fúnra wọn, ẹ̀rọ kan ló ń bá wọn mí, ọ̀pá rẹ̀ gba ẹnu wọlé, àwọn nọ́ọ̀sì sì ń fún wọn lóògùn oorun kí wọ́n má baà fà á yọ. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rọ náà nìkan ṣe iṣẹ́ yẹn, mo bá ń bá a mí pọ̀, títí òòyì fi kọ́ mi tí nọ́ọ̀sì ní kí n lọ mu omi.

Lọ́jọ́ Ajé, dọ́kítà gbé fọ́ọ̀mù kan wá. Ó ní oògùn oorun méjì làwọn ń fi wéra, ọ̀kan ń jẹ́ kí èèyàn sùn wọra, ẹni tó bá gba èkejì ṣì lè gbọ́ ohùn. Ó ní àwọn ò tíì mọ èyí tó ń jẹ́ kí aláìsàn tètè kúrò lórí ẹ̀rọ, pé kọ̀ǹpútà ni yóò yan ti bàbá rẹ. Mo ní kó mú mi lọ bá kọ̀ǹpútà náà kí n ṣàlàyé ìwà ọkọ mi fún un. Ó ní kì í gba àlejò. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, ẹni tí kì í gba àlejò kò ní gba ẹ̀bẹ̀, kò sì ní ṣègbè. Mo buwọ́ lù ú. Èyí tó fúyẹ́, tí èèyàn ṣì lè gbọ́ ohùn, ni kọ̀ǹpútà mú.

Láti ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì ti ń pe bàbá rẹ, á ní kí wọ́n lajú, kí wọ́n di ọwọ́ òun mú, á wá kọ máàkì sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mẹ́rin lábẹ́ òdo ni wọ́n gbà. Olùkọ́ ìṣirò tó fún ìdajì ìlú yìí lódo wá ń jẹ gbèsè máàkì. Ojú tì mí, mo bá ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, mò ń sọ fún wọn pé tí nọ́ọ̀sì bá ti ní kí wọ́n di ọwọ́ òun mú, kí wọ́n dì í mú. Lánàá, wọ́n lajú, wọ́n wò mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú gírígírí, nọ́ọ̀sì sì kọ òdo. Inú bí mi, mo ní kó tún un yẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òdo làwọn ń wá, pé ẹni tó bá rékọjá rẹ̀ ń ta bí ẹni tó fẹ́ jà, ẹni tí kò dé e ń sùn, ẹni tó gbà á ni ara rẹ̀ balẹ̀ tó sì mọ ibi tó wà. Mo jókòó, mo sunkún.

Dọ́kítà fẹ́ yọ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní bí mímí bá kọ̀, àwọn á dá a padà. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n àrùn là á wò, a kì í wo ikú, mi ò sì kúrò níbí.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọṣẹ, búrẹ́dì àti tìmùtìmù kan. Bí kò bá ní ṣẹ́kù tí o máa fi wọkọ̀, má fi ránṣẹ́, máa bọ̀. Kò yẹ kí n fi èyí pa mọ́ fún ọ: mo ti pe bàbá rẹ títí lánàá, wọn ò dáhùn, ìgbà tí mo ní o ti wà lójú ọ̀nà ni wọ́n tó lajú. Mo sì rí i pé wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ wa. Má sọ mí di òpùrọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.