Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ń Mu Iná Àdúgbò: Ìgbésí Ayé Pa Elkanah Gbénró Ògúntúndé (1938–2008)

Ìpẹru ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni a bí Pa Elkanah Gbénró Ògúntúndé sí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì ọdún 1938. Bàbá wọn ni Josaya Ògúntúndé, oníṣòwò obì. Ìyá wọn ni Adédiwúrà, aláró. Ilé tí a kì í ti í purọ́ mọ́ ẹnìkejì ni a ti tọ́ wọn dàgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìpẹru lọ́dún 1946, wọ́n sì parí ìwé mẹ́fà ní 1953. Ní 1955 wọ́n wá sí Èkó láti kọ́ṣẹ́ rewaya, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá 1966, wọ́n gbé Damaris Folúkẹ́ níyàwó, Mama tí ẹ ń wò lónìí.

Láti 1974 títí di 2000, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, títí ó fi kógbá sílé. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú fọ́kílíìtì, ọkọ̀ kékeré tí ń fi bátìrì gbé ẹrù sókè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí owó kọ́ ilé sí Ìkòsì ní 1983. Láti 1985 ni wọ́n sì ti ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa ṣe, wọn kò gba kọ́bọ̀.

Ní 2001, ńjìnì Píjò 504 wọn nọ́ọ̀kì. Wágọ́ọ̀nù ni, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó sì ti lé lógún ọdún lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lọ wá ńjìnì mìíràn ní ọjà Owódé Onírin, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí láàárín àlòkù irin ni ẹ̀rọ fọ́kílíìtì kan tó ní àmì ọ̀dà pupa. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kun ọ̀dà yẹn nígbà tí ilé iṣẹ́ ṣì wà. Wọ́n gbé e wálé dípò ńjìnì.

Odindi ọdún kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi sọ Píjò náà di ọkọ̀ tí ń fi bátìrì rìn, nínú ọgbà ilé. Wọ́n yọ ńjìnì, wọ́n yọ táǹkì epo, wọ́n gé sálẹ́ńsà sọnù, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ́kílíìtì náà rọ́pò ńjìnì. Ṣùkúrù, ọ̀rẹ́ wọn tó ń fi iná kún bátìrì ní Owódé Onírin, bá wọn to bátìrì mẹ́jọ: mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin 2003, wọ́n wà á dé Mile 12, wọ́n sì wà á padà. Ọkọ̀ náà kò dún rárá, nítorí náà Mama jókòó níwájú, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn kí àwọn ènìyàn lè yà lọ́nà. A fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, àwa ọmọ pàápàá. Nígbà tí epo wọ́n lọ́dún yẹn, ọkọ̀ yẹn náà ló gbé ọmọ Alàgbà Oyèwùmí tó ń rọbí dé ilé ìwòsàn. Alàgbà Oyèwùmí ni Alága ẹgbẹ́ onílé, ìjókòó kan náà ni àwọn àti bàbá wa sì ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní oṣù kẹjọ 2004, tiransifọ́mà àdúgbò jó. Ẹgbẹ́ onílé pe ìpàdé, Alága sì dìde, ó ní, “Baba Levi, a ò bá yín jà o, ṣùgbọ́n mọ́tò yín ń mu iná wa.” Bàbá fi ìṣirò hàn wọ́n pé ohun tí ọkọ̀ náà ń fà, nígbà tí wọ́n bá ń fi iná ilé kún bátìrì rẹ̀, kò ju ti áyọ́ọ̀nù méjì lọ. Ilé Alága sì rèé, fìrísà ẹja mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ onílé rán ènìyàn gun òpó, wọ́n gé wáyà ilé wa. Ìjọ kò sọ nǹkan kan.

Tiransifọ́mà yẹn tún jó ní 2006, ó tún jó ní 2007, nígbà tí ilé wa kò ní wáyà kankan. Kò sí ẹni tó wá bẹ̀ wọ́n. Bàbá kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ẹgbẹ́, wọn kò rí èsì. A fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ fún wọn, wọ́n ní àwọn kò yọ táǹkì epo kúrò nínú ọkọ̀ kí àwọn tún wá gbé epo wọ ilé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Ṣùkúrù. Ọkọ̀ kò lè wọ inú ọjà, nítorí náà wọ́n á tú bátìrì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ létí títì, wọ́n á fi bárò tì wọ́n wọlé, wọ́n á tún fi bárò tì wọ́n jáde. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje 2008, wọ́n ti dá bátìrì mẹ́fà padà sínú ọkọ̀. Wọ́n jókòó lórí ìkeje. Ṣùkúrù rò pé wọ́n ń sinmi ni. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ọkàn ni. Àwa mọ̀ pé bárò ni.

Àwọn tó gbẹ́yìn wọn ni Mama Damaris. Àwọn ọmọ, Levi, Ṣọládé àti Ọláńrewájú. Àwọn ọmọ-ọmọ méje. Àti Ṣùkúrù, tí a kà mọ́ ẹbí láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ẹgbẹ́ onílé kọ̀wé sí wa pé àwọn yóò so wáyà padà nítorí ìsìnkú, àti pé Alága yóò sọ̀rọ̀ ìdárò nípa bàbá àtàtà tí àdúgbò pàdánù. Bí a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. A kọ wáyà, a gba ọ̀rọ̀ ìdárò.

A kò mọ̀ bóyá iná yóò wà ní Ìkòsì lónìí, a kò tilẹ̀ bèèrè. Inú bátìrì Píjò yẹn ni iná ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí Alága yóò fi sọ̀rọ̀ ti ń wá. Ọkọ̀ náà ni yóò sì gbé pósí dé itẹ́ òkú. Mama yóò jókòó níwájú, wọn yóò máa fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Nítorí náà, kí Alága má pẹ́ jù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni à ń retí: pé kì í ṣe Elkanah Ògúntúndé ló jó tiransifọ́mà. Iná tó wà nínú bátìrì tó fún gbólóhùn yẹn, ó sì tó dé itẹ́. Kò tó fún ìyìn.

Bàbá wa, ẹ sùn re o. Níbi tí ẹ ń lọ, kò sí ẹni tí yóò gun òpó láti gé wáyà yín.