Amí Tuntun Ti Dé Ilé Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo tún yín kí. Ṣé ara le bó ṣe yẹ kó le? Ṣé orúnkún tó máa ń dùn yín nígbà òtútù ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró, kó má bá yín lórí ìdùbúlẹ̀. Àwa náà wà níbí, à ń mí, à ń jẹun, ọpẹ́ ló yẹ wá. Mo pè yín lórí fóònù títí ó fi sú mi, ẹ kò gbé e. N kò bínú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ju ti fóònù lọ.

Ẹ ó ti gbọ́ pé wọ́n ti ń ya fíìmù amí yẹn padà. Ẹ̀yin tí ẹ fi ogún ọdún ṣe Amí nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn kí yín ní títì, ọjọ́ tí àwọn onífíìmù ní àwọn fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú tuntun lẹ fi ìbínú di ẹrù yín kúrò nílùú. Wọ́n ti rí ojú tuntun náà. Wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri lọ́nà ṣọ́ọ̀bù mi, orí tiyín gan-an ni wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ lé. Òjò ti bó ẹ̀gbẹ́ kan, ojú òsì yín ló yọ síta níbẹ̀. Èmi tí mò ń fi awò ojú ṣíṣe jẹun, mo dúró wò ó títí, n kò mọ ibi tí tiyín parí sí tí tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ bí iyè Màmá ṣe rí kí ẹ tó lọ: ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní báyìí, lílọ ló pọ̀ jù. Fíìmù yín nìkan ni kì í gbàgbé. Tó bá di ọ̀sán, á ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n, á sì máa bá yín sọ̀rọ̀: “Wẹ̀yìn o. Ọkùnrin oníkóòtù yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ.” Ẹ kì í dá a lóhùn, á sì máa ráhùn pé ẹ̀kọ́ ilé ti bọ́ lára yín.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ọmọkùnrin tuntun náà kan ilẹ̀kùn wa. Kò mú oníròyìn kankan dání. Ó tẹríba, ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè jókòó sí ipò ẹnì kan kí n má wá kí ìyá tó bí i.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, mo mú un wọlé. Màmá wò ó títí. Ó ní, “O dé. Kí lo ti ń ṣe látàárọ̀?” Mo ní, “Màmá, ẹ̀gbọ́n mi kọ́ nìyí o.” Ó ní, “Ìwọ lo fẹ́ fi ọmọ tí mo bí hàn mí?” Ọmọkùnrin náà wò mí lójú, mo ṣẹ́jú sí i pé kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín tí Màmá rín lọ́jọ́ náà, n kò rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Bó ṣe di pé ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Á jókòó sórí àga yín, á bá Màmá wo fíìmù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí bí ẹ ṣe máa ń fà á, ó ń fimú rẹ́rìn-ín bíi tiyín. N kò kà á sí. Mo ní iṣẹ́ ló ń kọ́. Àfi ọjọ́ tó lọ bu omi nílé ìdáná. Bó ṣe fẹ́ wọlé, ó tẹ orí ba, ó kọjá, ó wá gbé e sókè. Ẹ̀gbọ́n mi, igi tó máa ń gbá yín lórí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, Bàbá ti yọ ọ́ kí ẹ tó ṣe fíìmù kankan. Mo bi í pé kí ló ń sá fún. Ó ní, “Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Orí mi ló kàn tẹ̀ ba.” Orí tèmi sì wú.

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé ojú òsì òun ń ṣú, òun tí kò wọ awò rí. Mo fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà awò tó jáde, tiyín ni. Mo nu gíláàsì ẹ̀rọ, mo tún un yẹ̀ wò, tiyín náà ni. N kò sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní tí òun bá dúró níwájú jígí láàárọ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí òun tó mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ó ní òun pe ìyá òun lórí fóònù, ìyá náà sì bi òun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń wá?” Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe olè. Ohun tó ń ṣe é ń bà á lẹ́rù ju bó ṣe ń bà mí lọ.

Síbẹ̀ mo gbà á láyè nítorí Màmá. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, mo wà nílé ìdáná, mo gbọ́ látinú pálọ̀ pé, “Abẹ́rẹ́, omi ti tán o.” Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí bí mo ṣe tín-ín-rín lọ́mọdé. Mo dáhùn pé, “Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n.” Mo ti gbé omi síwájú rẹ̀ kí n tó mọ ẹni tí mo dá lóhùn. Mo dijú pé kí n rántí ojú yín, tirẹ̀ ló yọ. Mo sáré gbé fọ́tò ìgbéyàwó mi wá. Màmá fi ìka lé yín nínú rẹ̀, ó ní, “Ọkùnrin wo ló dúró tì ẹ́ yìí? Ṣé ará ọ̀dọ̀ ọkọ ẹ ni?”

Lójú ẹsẹ̀ ni mo sin ọmọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, “Má wá mọ́. Lọ sílé ìyá ẹ. Má pè é o, lọ dúró síwájú ẹ̀ kó wò ẹ́.” Kò bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí. Ó ní ìyá òun ṣílẹ̀kùn, ó wo òun títí, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ méjèèjì di ojú òun mú, tó pe orúkọ òun. Ó ní òun á ṣe fíìmù náà tán, torí òun ti tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá òun ni òun á máa sùn títí tó fi máa parí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé sí yín nìyí. Ó dà bí ẹni pé wíwò ni oògùn rẹ̀. Àga yín ti ṣófo báyìí, Màmá kò sì yé wò ó. Lánàá ó ní kí n rọra kọjá, kí n má tẹ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síbẹ̀. N kò rí ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé àwọn onífíìmù ṣe ohun tó dùn yín. Ṣùgbọ́n ipò Amí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ipò ọmọ, ẹ̀yin lẹ dìde kúrò lórí ẹ̀. Ẹ wá, kí Màmá rí yín. Bí kò bá dá yín mọ̀ lọ́jọ́ kìíní, ẹ dúró di ọjọ́ kejì.

Ọlọ́run á ṣọ́ ìrìn yín, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ. Ẹ̀mí yín á gùn, ara yín á jí pépé. Ilé tí ẹ bá wọ̀, wọ́n á dá yín mọ̀ níbẹ̀.

Èmi ni,
Àbúrò yín obìnrin kan ṣoṣo.

Àfikún: Mo ti lẹ àpò ìwé yìí pa kí n tó wo ohun tí mo kọ sára rẹ̀. Orúkọ yín ni, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ọmọkùnrin yẹn ni ọwọ́ mi kọ sí i. Mo ti ya á, mo ti wá òmíràn. Mo ní láti tú àpótí mi kí n tó rántí ibi tí ẹ ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́.